Ibi Tí Ó Yẹ Kí Owó Apọntí Kọ́kọ́ Lọ

Ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa pọn bíà nínú ilé ara rẹ̀ kì í pẹ́ dé orí ọ̀rọ̀ ìkòkò. Á ti rí àwòrán ìkòkò irin dídán mẹ́ta lórí ààrò gáàsì mẹ́ta, ẹ̀rọ tí ń fa omi láàárín wọn, páìpù lọ́tùn-ún, páìpù lósì, á sì bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, èwo ni kí n kọ́kọ́ rà nínú wọn?" Èmi náà á wá bi í pé níbo nínú ilé rẹ̀ ni ọtí náà yóò wà fún ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí ó bá ti pa iná, báwo ni ibẹ̀ sì ṣe ń gbóná tó ní oṣù kẹjọ ọdún. Ọ̀pọ̀ wọn kò tíì ronú débẹ̀. Houston ni mò ń gbé, ní ìpínlẹ̀ Texas, níbi tí ọ̀sán oṣù keje àti oṣù kẹjọ ti lè kọjá 35°C, tí inú gáréèjì sì ń gbóná ju ìta lọ. Ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ nínú ilé tọ̀sán-tòru, síbẹ̀ tí a bá ní kí ó mú yàrá wálẹ̀ dé 24°C, owó iná á ti ga. Ọ̀pọ̀ bíà tí mo fẹ́ràn láti pọn ń fẹ́ 18. Díìgírì mẹ́fà tí ó wà láàárín yìí ni mo fẹ́ kí àwọn àbúrò mi kọ́kọ́ náwó lé lórí, kí wọ́n tó ronú kan ìkòkò dídán.

Àwa ènìyàn kì í ṣe bíà, omi dídùn ni à ń ṣe. A ó gba ọkà báálì tí wọ́n ti mú hù tí wọ́n sì ti yan gbẹ, èyí tí à ń pè ní mọ́ọ̀tì, a ó rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná fún nǹkan bíi wákàtí kan, a ó sẹ́ ẹ, a ó gbé omi rẹ̀ kaná pẹ̀lú òdòdó hops tí ń fún un ní adùn kíkorò, a ó sì mú un tutù. Iṣẹ́ ọ̀sán kan nìyẹn. Láti ìgbà tí a bá ti da yíìsì sí i, ọwọ́ wa ti kúrò níbẹ̀. Yíìsì ni yóò jẹ ṣúgà inú omi yẹn, tí yóò sọ ọ́ di ọtí àti afẹ́fẹ́ tí ń mú un hó. Òun náà ni yóò ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú òórùn tí imú wa ń gbọ́ nígbà tí a bá gbé kọ́ọ̀pù sẹ́nu. Ohun tí ó ń darí ìwà yíìsì jù lọ ni ooru. Bí a bá pín omi mọ́ọ̀tì kan ṣoṣo sí bákẹ́ẹ̀tì méjì, tí a sì da yíìsì inú páálí kan náà sí méjèèjì, bíà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a ó mu bí ọ̀kan bá hó ní 18°C tí èkejì sì hó ní 26°C.

Èyí tí ó gbóná yóò yára gan-an. Ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta ó lè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ṣúgà rẹ̀ tán, inú ẹni tí kò mọ̀ yóò sì máa dùn. Ìyára yẹn ló ń bà á jẹ́. Yíìsì tí ń dàgbà ní ìkánjú máa ń tú àwọn ọtí líle kan jáde tí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ń pè ní fusel. Àwọn ni wọ́n ń ta ọ̀fun, tí wọ́n ń mú kí bíà tí agbára rẹ̀ kò ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ máa gbóná láyà bí ògógóró. Ó tún máa ń mú òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí ó ti pọ́n jáde. Àwọn ará Bavaria fẹ́ òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí nínú bíà àlìkámà wọn, wọ́n sì ní yíìsì tí wọ́n yàn fún un. Nínú bíà tí kò yẹ kí ó ti jáde, àbùkù ni. Otútù tí ó pọ̀ jù náà ní ìṣòro tirẹ̀. Yíìsì lè sùn kí iṣẹ́ tó parí, kí ó fi ṣúgà sílẹ̀. Bí a bá fi ìkánjú rọ irú ọtí bẹ́ẹ̀ sínú ìgò, tí a sì gbé e síbi tí ó gbóná díẹ̀, yíìsì á jí, á máa bá oúnjẹ rẹ̀ lọ nínú ìgò tí a ti dé pa, ìgò náà á sì bẹ́. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ojú lásán mọ̀ pé ọtí ti parí. Háídírómítà, ohun èlò tí ń wọn bí ṣúgà ṣe pọ̀ tó nínú omi, ni kí ó bi. Bí ó bá ka 1.050 ní ọjọ́ àkọ́kọ́, tí ó wá ń ka 1.010 fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra, ó ti parí, agbára rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 5.25 nínú ọgọ́rùn-ún.

Mo ti rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n mọ gbogbo èyí lórí, síbẹ̀ tí wọn kò mọ̀ pé yíìsì ń dá iná tirẹ̀. Jíjẹ tí ó ń jẹ ṣúgà ń mú ooru jáde. Ní ọjọ́ kejì sí ìkẹta, nígbà tí ìfófó bá ti dìde dé ìdérí, inú bákẹ́ẹ̀tì lítà 20 lè fi díìgírì mẹ́ta sí márùn-ún gbóná ju yàrá tí ó wà nínú rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó gbé ọtí rẹ̀ sínú yàrá 24°C, tí ó sì rò pé òun kàn fi díẹ̀ kọjá ààlà, ọtí rẹ̀ wà ní 28. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ yìí gan-an ni yíìsì ń bí sí i, tí ó sì ń ṣe púpọ̀ nínú òórùn rere àti òórùn burúkú tí yóò kù nínú bíà. Bí a bá ṣọ́ ọjọ́ mẹ́ta yẹn dáadáa, a ti ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Mo máa ń da yíìsì sí omi mọ́ọ̀tì ní díìgírì kan tàbí méjì sí ìsàlẹ̀ ibi tí mo fẹ́, kí ó fi ara rẹ̀ gùn ún dé ibẹ̀. Ó rọrùn láti jẹ́ kí yíìsì gbóná díẹ̀díẹ̀. Láti fà á padà nígbà tí ó ti ń sáré ṣòro púpọ̀.

Nítorí náà, kí owó kọ́kọ́ lọ sórí fìrísà àlòkù kan, irú èyí tí ìdérí rẹ̀ ń ṣí sókè, tí inú rẹ̀ gba bákẹ́ẹ̀tì kan tàbí méjì, àti kọntirólà kan tí owó rẹ̀ kò tó 50 dọ́là. Fìrísà fúnra rẹ̀ kò mọ ju kí ó sọ nǹkan di yìnyín lọ. Kọntirólà ló ń kọ́ ọ ní ọgbọ́n. Ojú iná méjì ló wà lára rẹ̀. A ó ki fìrísà sí ọ̀kan, a ó ki bẹ́líìtì amóoru, tí a fi ń yí ìdí bákẹ́ẹ̀tì ká, sí èkejì. Okùn tín-ín-rín kan jáde láti ara rẹ̀ pẹ̀lú sẹ́ńsọ̀ ní orí. Bí sẹ́ńsọ̀ bá sọ pé ó ti gbóná ju bí a ṣe fẹ́ lọ, kọntirólà á gbé iná fún fìrísà, bí ó bá sì ti tutù tó, á gbà á padà. Ní oṣù kìíní, nígbà tí gáréèjì bá tutù, bẹ́líìtì ni á máa ṣiṣẹ́.

Ibi tí a ó fi orí sẹ́ńsọ̀ sí ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀rọ tó dára ti ń di asán. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á kàn fi í sílẹ̀ kí ó máa fì nínú afẹ́fẹ́ fìrísà. Afẹ́fẹ́ yẹn ń tutù láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì ń gbóná padà bákan náà. Lítà 20 ọtí kò ní yí padà bẹ́ẹ̀, ó wúwo. Kọntirólà á máa ka 18 fún ọ, á sì máa pa fìrísà kí iṣẹ́ rẹ̀ tó dé inú ọtí, nígbà tí ọtí fúnra rẹ̀ wà ní 22 pẹ̀lú iná tí yíìsì dá. Fi orí sẹ́ńsọ̀ lé ara bákẹ́ẹ̀tì, ní ìsàlẹ̀ ibi tí ọtí dé, kí o fi fóòmù tàbí aṣọ tí a ká nípọn bò ó lójú, kí o wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn gírígírí. Ara bákẹ́ẹ̀tì ni yóò máa kà báyìí, ara bákẹ́ẹ̀tì kò sì jìnnà sí ọtí inú rẹ̀. Àwọn kan ń gbé páìpù irin tín-ín-rín tí a dí ní ìdí gba inú ìdérí kọjá sí àárín gbùngbùn ọtí, wọ́n sì ń ki sẹ́ńsọ̀ bọ̀ ọ́. Ó péye, ṣùgbọ́n kí àárín tó mọ̀ pé òun ti tutù, ara fìrísà ti di yìnyín, otútù tí ó kù nínú rẹ̀ á sì tún fa ọtí kọjá ibi tí a fẹ́. Èmi fara mọ́ lílẹ̀ ẹ́ mọ́ ara.

Ohun kejì tí a ń yàn lára kọntirólà ni iye ìṣẹ́jú tí kọmpirẹ́sọ̀ fìrísà gbọ́dọ̀ sinmi kí ó tó tún dìde. Ẹ má ṣe fi í sí òdo láé. Ẹnikẹ́ni tí ó bá dàgbà sí Èkó tàbí Ìbàdàn mọ ìdí rẹ̀, nítorí a mọ bí iná ṣe ń lọ tí ó sì ń dé kí a tó ṣẹ́jú. Ìdí nìyẹn tí sitabiláísà tí à ń lò fún fíríjì fi máa ń dá iná dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí ó tó jẹ́ kí ó kọjá. Gáàsì inú kọmpirẹ́sọ̀ ní láti rọlẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Bí mọ́tò bá dìde lòdì sí i nígbà tí ó ṣì le, mọ́tò á gbóná, á sì jó bó pẹ́ bó yá. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo ń fún tèmi, mo sì ń jẹ́ kí ọtí fi ìdajì díìgírì gbóná ju ibi tí mo fẹ́ kí fìrísà tó dìde. Ìdajì díìgírì kò ní pa ọtí lára. Fìrísà tí ń tan tí ń kú ní gbogbo ìgbà kò ní pẹ́ láyé.

Ìkìlọ̀ díẹ̀ wà nípa fìrísà onídérí lókè. Inú rẹ̀ máa ń làágùn, omi á rọ̀ sí ìsàlẹ̀, èbù á hù. Mo ń fi ike oògùn tí ń fa omi sí igun rẹ̀, mo sì ń nù ún pẹ̀lú omi bílíìṣì lẹ́yìn ọtí kọ̀ọ̀kan. Afẹ́fẹ́ tí yíìsì ń mú jáde wúwo ju èyí tí à ń mí lọ, kì í jáde kúrò nínú rẹ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ki orí bọ inú fìrísà tí ọtí ti ń hó nínú rẹ̀ mọ́jú. Ṣí i, kí o dúró díẹ̀. Ó tún wà pé bákẹ́ẹ̀tì tí ó kún ju kílò 20 lọ, a sì ní láti gbé e kọjá ara fìrísà tí ó ga dé ìbàdí. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, kí ó wá fíríjì onílẹ̀kùn, kí ó yọ pẹpẹ inú rẹ̀, kí ó sì tì í wọlé ní tààrà. Ní ti ìgò gíláàsì ńlá tí àwọn àgbà apọntí fẹ́ràn, mi ò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti rà á. Ó máa ń yọ̀ lọ́wọ́ tí ó bá tutù, ọgbẹ́ rẹ̀ kì í sì í ṣe ọgbẹ́ kékeré. Bákẹ́ẹ̀tì oníke tí nǹkan kò tíì ha nínú dára tó, kí a máa pààrọ̀ rẹ̀ bí ó bá ti ha, torí kòkòrò àìfojúrí máa ń sá pamọ́ sí ojú ibi tí ó ha, níbi tí oògùn apakòkòrò kò lè dé.

Fún ẹni tí kò ní àyè fún fìrísà, ọgbọ́n wà. Gbé bákẹ́ẹ̀tì ọtí sínú ọpọ́n ńlá tí omi kún dé ìdajì, kí o sì máa ju ìgò oníke tí omi inú rẹ̀ ti di yìnyín sínú omi ọpọ́n náà. Ìṣirò rẹ̀ dùn mọ́ mi. Láti yọ díìgírì kan kúrò lára lítà 20 ọtí, ó ń fẹ́ nǹkan bíi kílójúùlù 84. Kílò kan yìnyín, bí ó bá yọ́ tán tí omi rẹ̀ sì gbóná dé 18°C, á ti gba nǹkan bí 410. Bí gbogbo otútù ìgò lítà kan bá wọ inú ọtí, á mú un wálẹ̀ ní nǹkan bíi díìgírì márùn-ún. Gbogbo rẹ̀ kò ní wọ ibẹ̀, nítorí omi ọpọ́n àti afẹ́fẹ́ yàrá á gba tiwọn, ṣùgbọ́n bí a bá ń pààrọ̀ ìgò méjì láàárọ̀ àti méjì lálẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn, ọ̀pọ̀ bíà rere ti jáde nínú ọpọ́n lásán. Àwọn kan ń fi aṣọ tútù wé bákẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ń gbé fáànù kọjú sí i. Bí amù ìyá wa àgbà ṣe ń mú omi tutù náà nìyẹn. Omi ń rọra jò gba ara amọ̀ jáde, ó ń gbẹ lójú afẹ́fẹ́, ó sì ń gbé ooru lọ. Mohammed Bah Abba gba ẹ̀bùn Rolex ní ọdún 2000 fún ìkòkò-nínú-ìkòkò tí ó fi ń tọ́jú ẹ̀fọ́ ní Jigawa lórí ìlànà kan náà. Àmọ́ ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbẹ. Afẹ́fẹ́ Jigawa gbẹ, ti Houston kún fún omi bí ti Èkó. Aṣọ tútù kò ní ṣe púpọ̀ fún ẹni tí ń gbé ní etíkun, yìnyín ló lè ràn án lọ́wọ́.

Àwọn ènìyàn ti mọ̀ pé ooru ń ba bíà jẹ́ tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ yíìsì. Ní 1553, Albrecht Karùn-ún tí ó ń ṣàkóso Bavaria pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe pọn bíà láti ọjọ́ 23 oṣù kẹrin títí di ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án. Ìgbà òtútù nìkan ni wọ́n ń pọn ọ́n, wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ sínú ihò ilẹ̀ pẹ̀lú yìnyín tí wọ́n gé lórí adágún. Yíìsì tí ó lè ṣiṣẹ́ nínú otútù ló wá gbilẹ̀ láàárín wọn, òun ni yíìsì lager tí gbogbo ayé ń lò lónìí. Àwọn onímọ̀ ti fi hàn pé ọmọ ìran méjì ni. Òbí kan ni yíìsì bíà àtijọ́, èkejì ni ìran kan tí ó fẹ́ràn otútù, tí wọ́n rí lára igi nínú igbó Patagonia ní gúúsù Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì kéde rẹ̀ ní 2011. Ní àwọn ọdún 1870, Carl von Linde ṣe ẹ̀rọ amúnǹkan-tutù fún ilé ìpọntí Spaten ní Munich. Ní 1883, Emil Christian Hansen ya yíìsì lager kan ṣoṣo sọ́tọ̀ láìlábàwọ́n ní Carlsberg, ní Copenhagen. Láti ìgbà yẹn, ibi tí ìlú wà lórí àwòrán ayé kò lè dí lager lọ́wọ́ mọ́. Nígbà tí ìgò bíà Star àkọ́kọ́ jáde ní Èkó ní oṣù kẹfà ọdún 1949, ẹ̀rọ ni ó ṣe òtútù Bavaria níbẹ̀. Bíà tí àwọn bàbá wa ń mu lábẹ́ igi ní ọ̀sán gangan, ọmọ òtútù ni láti ìpilẹ̀.

Lager nílé náà ń fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ń fi í sí 10°C títí tí yóò fi jẹ bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ṣúgà rẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo ń jẹ́ kí ó gùn dé 16 tàbí 17 fún ọjọ́ mélòó kan. Ìdí ni pé yíìsì máa ń tú nǹkan kan tí ń rùn bí bọ́tà sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ooru díẹ̀ ní ìparí ni yóò sì mú kí ó padà wá kó o. Lẹ́yìn ìyẹn ni ó ń lọ sí ìtòsí òdo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó mọ́ lójú. Nígbà tí a bá ń rọ otútù sí i báyìí, afẹ́fẹ́ inú bákẹ́ẹ̀tì máa ń sún kì, á sì fa omi inú páìpù kékeré orí ìdérí, tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, wọlé. Omi oògùn apakòkòrò tí ó mọ́ ni kí ó wà nínú páìpù yẹn, tàbí kí a dí i pátápátá.

Mi ò sọ pé ìgbà tí ọtí wà lórí iná kò ṣe pàtàkì. Bí mọ́ọ̀tì bá wà nínú omi 64°C, bíà á fúyẹ́, kò ní dùn jù. Bí ó bá wà ní 69, á nípọn lẹ́nu, adùn á ṣẹ́kù sí i. Díìgírì márùn-ún péré ló wà láàárín wọn, nítorí náà tẹ́mọ́mítà ni kí a náwó lé, kí ó dára. Ní ìlú London, Michael Combrune ti ń rọ àwọn apọntí ẹgbẹ́ rẹ̀ láti máa lò ó nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1762. Ọmọ apọntí ni James Joule, onímọ̀ nípa ooru, Salford ni wọ́n ti bí i ní 1818, òun náà sì ṣiṣẹ́ nínú ilé ìpọntí bàbá rẹ̀. Ẹ̀yà díìgírì tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn onímọ̀ kan kò fi gbà á gbọ́ ni ó ń wọ̀n, orúkọ rẹ̀ ni a sì fi ń wọn agbára títí di òní. Ki tẹ́mọ́mítà tìrẹ bọ inú yìnyín wẹ́wẹ́ àti omi, kí ó ka òdo. Ki í bọ omi tí ń hó, kí ó ka 100 bí ilé rẹ kò bá ga sórí òkè. Ìkòkò, bí ó ti wù kí ó rí, ohun tí ó ń ṣe kò ju pé kí ó má jò. Ìkòkò àlòkù tí ó gba lítà 30 ti tó.

Mímú omi mọ́ọ̀tì tutù lẹ́yìn tí ó bá hó tán lórí iná ni ohun tí ojú ọjọ́ ìlú wa ń fi dán wa wò jù. Àwọn tí ń gbé ní apá òkè Amẹ́ríkà á ki páìpù bàbà tí a ká bọ inú ìkòkò, wọ́n á jẹ́ kí omi ẹ̀rọ máa gba inú rẹ̀ kọjá, láàárín ogún ìṣẹ́jú ó ti tutù. Omi ẹ̀rọ tiwa ní Houston fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 30°C ní ìgbà ooru. Omi 30 kò lè mú nǹkan wá sí 17 láé. Lo omi ẹ̀rọ títí dé bíi 38, lẹ́yìn náà kí o da yìnyín sínú garawa, kí ẹ̀rọ kékeré máa fa omi yìnyín náà yí inú páìpù po. Àwọn apọntí ilẹ̀ Australia ní ọ̀nà mìíràn. Wọ́n ń da omi mọ́ọ̀tì tí ó ṣì gbóná sínú kẹ́ẹ̀gì oníke líle, wọ́n á fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, wọ́n á dé e pa, wọ́n á fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ooru rẹ̀ ń pa kòkòrò inú kẹ́ẹ̀gì. Ní ilẹ̀ tí omi ti wọ́n, ìyẹn wù mí ju páìpù lọ.

Ní oṣù keje ọdún 2024, ìjì Beryl gbé iná lọ ní Houston, àwọn àdúgbò kan sì wà nínú òkùnkùn fún ọjọ́ púpọ̀ nínú ooru. Ọ̀pọ̀ apọntí ń bi ara wọn léèrè ohun tí wọn yóò ṣe sí ọtí inú fìrísà. Ìdáhùn mi dá lórí ọjọ́ orí ọtí náà. Bí ó bá ti kọjá ọjọ́ kẹrin, fi í sílẹ̀, òórùn rẹ̀ ti jókòó, ooru ìparí kò ní pa á lára púpọ̀. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ kìíní tàbí èkejì, ki ìgò yìnyín yí i ká, ti ìdérí, má sì tún ṣí i láti wò ó. Ara fìrísà nípọn, lítà 20 sì wúwo, wọ́n lè di otútù náà mú títí di ọjọ́ kejì.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà tí mo túbọ̀ ń rìn ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìyẹn ni kí n wá yíìsì tí ooru kò bà lẹ́rù. Ní Voss àti àwọn abúlé mìíràn ní ìwọ̀-oòrùn Norway, àwọn àgbẹ̀ ní yíìsì ìdílé tí wọ́n ń pè ní kveik. Wọ́n ń gbẹ ẹ́ sórí òrùka igi tí wọ́n gbẹ́, wọ́n ń jogún rẹ̀ láti ìran dé ìran, wọ́n sì ń dà á sí omi mọ́ọ̀tì ní nǹkan bíi 35 sí 40°C. Kì í mú ọtí tí ń ta ọ̀fun jáde. Òórùn ọsàn ló sábà máa ń fún mi. Fún ẹni tí ń gbé ní Ìbàdàn tí kò ní iná tí ó dúró déédéé, mi ò mọ ohun èlò tí ó dára ju páálí kveik kan lọ. Díẹ̀ nínú àwọn yíìsì saison ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù náà lè fara da 30. Ẹ̀rọ ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n mo gbà pé yíyan yíìsì bí ilé rẹ ṣe gbóná tó jẹ́ apá kan ṣíṣọ́ ooru.

Ọkà bàbà ni ó gba ọkàn mi báyìí. Ní 1988 ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fòfin de kíkó mọ́ọ̀tì báálì wọlé, àwọn ilé ìpọntí ńlá sì yí padà sí ọkà bàbà àti àgbàdo. Ìṣòro ọkà bàbà wà nínú ooru. Sítáàṣì rẹ̀ ń fẹ́ ju 70°C lọ kí ó tó tú, ṣùgbọ́n ẹ́ńsáìmù tí yóò sọ sítáàṣì náà di ṣúgà ti máa ń kú kí ó tó pẹ́ níbẹ̀. Àwọn obìnrin tí ń pọn ọtí ọkà bàbà ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ti yanjú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé tẹ́mọ́mítà dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n á pò mọ́ọ̀tì lílọ̀ mọ́ omi tútù, wọ́n á jẹ́ kí ó silẹ̀, wọ́n á gbọ́n omi tí ó tòrò lókè sọ́tọ̀, wọ́n á gbé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ kaná títí tí yóò fi ki, wọ́n á wá da omi tútù yẹn padà sí i. Inú omi títòrò yẹn ni ẹ́ńsáìmù wà, wọ́n ti yà á kúrò lọ́nà iná. Bí mo ṣe ń ṣe é nínú ìkòkò mi nìyẹn, mo kàn ń fi tẹ́mọ́mítà wò ó kí àpòpọ̀ náà bọ́ sí 65 ní ìkẹyìn. Mo ń da kveik sí i ní 35, láìtan fìrísà. Èyí tí mo rọ sínú ìgò láìpẹ́ yìí fúyẹ́ lẹ́nu, ó kan díẹ̀, ìfófó rẹ̀ kì í sì í pẹ́ tó ti báálì. Ìfófó yẹn ni mo ń wá ojútùú sí báyìí.